Àdúrà Alhaji Lórí Koríko Tó Dì

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ọmọ yín lọ kọ́ iṣẹ́ títọ́jú pápá gọ́ọ̀fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò sì tíì lè sọ bóyá orí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn pé. Ta ló ń fi ilé tó móoru sílẹ̀ nínú òtútù oṣù kìíní, tí á wọ ìbọ̀wọ́, tí á máa wá bọ́ọ̀lù kékeré kiri nínú koríko tó ti funfun? Bọ́ọ̀lù funfun náà ò tilẹ̀ hàn mọ́, àfi kí wọ́n lo pupa. Wọ́n á gbá a sókè, á balẹ̀ gbà! bí òkúta tó já lu kọ́ńkéré, á fò kọjá ibi tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn lé wọn jáde o. Ìfẹ́ inú wọn ni.

Mùfútáù lorúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí mo dé London, obìnrin ṣì ni olórí ìjọba níbẹ̀, àwa Yorùbá tó wà ní Thamesmead ò sì tíì pọ̀ tó báyìí. Yàrá kan ni mo ní lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn omi ìdọ̀tí wá láti ọ̀nà Crossness, kíá la máa ń ti fèrèsé. Mo fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, mo ru ẹrù ní ọjà Woolwich. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi pé pápá gọ́ọ̀fù kan lórí òkè, lẹ́yìn Woolwich, ń wá òṣìṣẹ́ tí kò bẹ̀rù òtútù. Mo lọ síbẹ̀, mo ní èmi ò bẹ̀rù òtútù. Irọ́ ni. Wọ́n gbà mí.

Ọ̀gá mi ni Mísítà Wílìsì, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Kì í pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́ṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀gá tó ń pariwo, ariwo rẹ̀ á tán. Èyí tí kì í pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù. Òyìnbó ló ń sọ, àmọ́ Yorùbá ni màá fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ọ̀rọ̀ wa lè yá.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó mú mi dé ibi tí ihò wà, tí àsíá dúró nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gíríìnì. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò rí irú koríko bẹ́ẹ̀ rí. Ó kúrú, ó dán, ó tẹ́ bí ẹní ìkírun tuntun. Kí ọ̀gá tó la ẹnu, mo ti bọ́ bàtà mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọ̀ ọ́. Nílé wa, ibi tó bá mọ́ tó yẹn, a kì í wọ bàtà débẹ̀. Ó wo bàtà mi, ó wo ìbọ̀sẹ̀ mi, ó wá wo ojú mi.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ìyá mi ni. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn ni, àbí ó rò pé nǹkan ń ṣe mí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá oparun gígùn kan ni, tó ń fì lẹ́nu. Ó ní kí n máa lọ fi na koríko láràárọ̀. Na koríko kẹ̀? Àní kí n máa fi ọ̀pá gbá ìrì kúrò lórí gíríìnì kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ìrì bá pẹ́ lórí koríko, àrùn á mú un. Gbogbo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pá nìkan ni mo mọ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgékoríko. Bí mo bá ṣe tán, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo gíríìnì náà láti ẹ̀gbẹ́, á ní, "O fo ibì kan." Níbo? Kò ní sọ. "Tún un gbá látìbẹ̀rẹ̀." Mo máa ń bi ara mi pé, Mùfú, ṣé nítorí èyí lo ṣe wọ bàálù? Nígbà tí wọ́n bi mí nílé pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mo wà ní ẹ̀ka ọ̀gbìn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé koríko ni mò ń nà.

Èyí tó rú mi lójú jù ni ọ̀rọ̀ ìrì dídì. Kì í ṣe yìnyín tó ń já bọ́ láti òkè o. Ìrì lásán ni, tó dì sórí koríko kí ilẹ̀ tó mọ́, tí gbogbo pápá á funfun báláú, tí ilẹ̀ á le gbagidi. Lójú tèmi, ìgbà tí ilẹ̀ bá le ló yẹ kí èèyàn rìn lórí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá ní rárá. Láàárọ̀ tí ìrì bá dì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ gíríìnì.

Ó ní, "Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, o ò ní rí nǹkan kan. Dúró di ọ̀tunla."

Lọ́tunla, ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ á dúdú, koríko ibẹ̀ á kú. Ó ní omi inú ewé ló di yìnyín, pé bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, yìnyín náà á gé inú ewé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mi ò gbà á gbọ́, àfi ọjọ́ tí mo ṣèèṣì fi tòmátò sí ibi tó ń dì nínú fíríjì, tí mo yọ ọ́ síta, tó di omi mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà náà ni mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n!" Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ba tòmátò jẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ni pápá náà bá wá taku pé àwọn á gbá bọ́ọ̀lù dandan, a máa ń gbẹ́ ihò mìíràn fún wọn síwájú, lórí koríko lásán, kí wọ́n máa ṣe wàhálà wọn níbẹ̀. Wọ́n á máa kùn.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ tí à ń fi ọwọ́ tì kiri ni mo bá. Nígbà tó fi máa di àárín nineties, ẹ̀rọ tí à ń jókòó lé lórí ló gba ibẹ̀, èèyàn kan á jókòó pẹ̀sẹ̀, á ṣe iṣẹ́ tí gbogbo wa ń ṣe. Wọ́n tún kó aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dé, tí a fi ń bo gíríìnì bí ẹni bo ọmọ tuntun. Mo bi ọ̀gá pé ṣé òtútù ń mú koríko ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí wọ́n fún èmi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ti ṣẹlẹ̀ kí aṣọ yẹn tó dé.

Mo ti rí ọmọbìnrin kan, Sìkírátù, ọmọ Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta iṣu la ti pàdé. Èmi àti ẹ̀ jọ di iṣu kan mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀, èmi náà ò fẹ́ fi sílẹ̀. Láti orí iṣu, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ló kù.

Ẹ gbà mí! Alhaji ni wọ́n ń pe bàbá náà, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìntì ní rélùwéè, ọkùnrin tó sanra, tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ní ẹnì kan lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ẹnjiníà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ní Crossness. Ó wá sí London láti wo àwa méjèèjì fúnra rẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní ilé Sìkírátù. Ó ní kí n jókòó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù, sà."

"Gọ́ọ̀fù? Èmi náà ń gbá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn."

Inú mi dùn, mo sún mọ́ iwájú lórí àga.

Ó ní, "Àwọn tó ń gé koríko níbẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn."

Mo sún padà sẹ́yìn. Sìkírátù sáré dá sí i, ó ní, "Daddy, ẹnjiníà yín náà, omi ìdọ̀tí ló ń tọ́jú o." Alhaji ní, "Ẹnjiníà ṣá ni." Mo sọ nínú mi pé kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́, àmọ́ inú mi ni mo ti sọ ọ́.

Alhaji wá ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Màá wá wo ibi iṣẹ́ rẹ kí n tó padà sílé. Bí mo bá rí i pé iṣẹ́ ni, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí i pé eré lò ń ṣe, mi ò ní ọmọ tí màá fún ọ." Kò sọ ọjọ́ tó máa wá.

Ọjọ́ tó wá yẹn, àfi bíi pé òun àti òtútù jọ wọkọ̀ wá. Gbogbo òkè náà funfun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún inú ilé ẹgbẹ́, wọ́n ń mu tíì, wọ́n fajúro, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Mísítà Wílìsì pè mí.

Ó ní, "Gíríìnì tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́ yìí ni ojú gbogbo wọn wà. Dúró tì í. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

Mo dúró. Imú mi ń dà. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Alhaji! Ó wọ kóòtù ńlá lé bùbá àti ṣòkòtò lórí, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bọ̀ láti òdìkejì gíríìnì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí mi látòkèèrè. Sìkírátù ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, bàtà gogoro rẹ̀ ń yọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Níbi tí Alhaji ti ń gbá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn láyé ìgbà yẹn, etí ihò kì í ṣe koríko. Yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni. O lè rìn lórí rẹ̀ bó o ṣe fẹ́, bó o bá ti gbá tìrẹ tán, wọ́n á fi nǹkan wọ́ ọ kó tún tẹ́. Nítorí náà lójú Alhaji, kò sí ohun tó burú. Ilẹ̀ le, ojú ọ̀nà tààrà ni, àna rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà sì wà lódìkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ sọ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pariwo "Dúró níbẹ̀!" mọ́ bàbá tí mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kí n na ọwọ́ dá a dúró bíi yẹ̀lófíífà tó ń darí ọkọ̀? Ṣé kí n fà á láṣọ? Mi ò mọ ọ̀tún, mi ò mọ òsì. Mo sá yí etí gíríìnì náà ká. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra. Mo bá ju ara mi sílẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àyà àti ikùn lórí ìrì dídì.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ kú àbọ̀, sà!"

Ẹsẹ̀ náà padà sẹ́yìn. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ó kù kó ní kí n dìde.

Kò ní kí n dìde. Àdúrà ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí ire kì í dìde bí àgbà bá ń ṣàdúrà lé e lórí. Alhaji gbé ọwọ́ sókè. Ó ní Ọlọ́run á gbé mi ga. Mo ní àmín. Ó ní mi ò ní ríjà ayé. Mo ní àmín. Omi tútù ti ń wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní ibi tí mo bá dé, wọ́n á mọ̀ pé mo dé ibẹ̀. Mo ní àmín, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí. Ó ti kan bàbá mi, ó kan ìyá mi, ó kan àwọn tó ti kú nínú ìran wa. Eyín mi ń gbá ara wọn, àmín mi ti ń já sí wẹ́wẹ́.

Mo wá gbọ́ ìró bàtà. Mísítà Wílìsì ń sáré bọ̀. Ó rò pé mo ti dákú. Òun náà ò gba orí gíríìnì o, etí ibẹ̀ ló gbà yípo. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Alhaji na ìka kan sí i pé kó dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀gá mi, ẹnikẹ́ni ò pa á lẹ́nu mọ́ rí lórí pápá yẹn. Ó dákẹ́. Ó ṣí fìlà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Alhaji fi fi ọwọ́ pa ojú, tó ní, "Dìde, ọmọ mi."

Nígbà tí Sìkírátù mú bàbá rẹ̀ lọ, ọ̀gá pè mí sí ilé irinṣẹ́. Ó ní, "Kí nìyẹn?" Mo ṣàlàyé fún un pé bàbá náà fẹ́ tẹ gíríìnì, pé mi ò lè pariwo mọ́ ọn, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn.

"Bí kò bá ní kí o dìde ńkọ́?"

"Mi ò ní dìde, sà."

Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Mùfú, bàbá yẹn ìbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kan tàbí méjì. Ibi ẹsẹ̀, mo lè gé koríko mìíràn dí i. Odindi èèyàn lo wá tẹ̀ síbẹ̀."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Orí mi fò lọ. Lóòótọ́, mo gba gíríìnì lọ́wọ́ bàtà, mo sì fi gbogbo ara mi pa á. Kí ló wá yẹ kí n ṣe? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ṣì ń rò ó.

Lọ́tunla, ó jáde. Dúdú kirikiri. Orí, èjìká, apá méjèèjì, àyà, ikùn tó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ péjọ tì í. Bọ́ọ̀lù ẹnì kan dúró sí èjìká mi, ó ń bi àwọn yòókù bóyá òfin gbà kó sún un. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bínú, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó sùn sórí gíríìnì àwọn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kọjá níbẹ̀. Ọ̀gá kàn ní kí n rí òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní ilé irinṣẹ́, kí n múra wá.

Mo sọ fún Sìkírátù pé ó ti tán. Iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin tí kò níṣẹ́, tí ẹnjiníà sì wà nítòsí, kí ló fẹ́ rí sọ fún Alhaji? Mo fẹ́ sunkún. Sìkírátù ní, "Ẹ dúró ná." Mi ò mọ ohun tó ń dúró dè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ilé irinṣẹ́, mo bá Alhaji níbẹ̀. Ó wọ agbádá, ó dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ ìgékoríko, Sìkírátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Alhaji ń fi òyìnbó bẹ Mísítà Wílìsì.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mísítà Wílìsì wojú mi. Ó ní, "Ọmọ ta?"

Alhaji ò dúró. Ó ní, "Mo ti rò pé èmi ló ń kí. Inú bọ́ọ̀sì ni ọmọ mi ti ṣàlàyé fún mi pé nítorí koríko yín ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, mi ò rí ẹni tó fi àyà lélẹ̀ nínú òtútù kí bàtà mi má bàa ba nǹkan tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ jẹ́. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe eré. Èmi ni mo mú un pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá máa lé nǹkan kan kúrò níbí, àdúrà mi ni kí ẹ lé. Ẹ má lé ọkọ ọmọ mi."

Mo ní ṣé etí mi ni? Ọkọ ọmọ mi? Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi tí ọ̀rọ̀ kàn o! Sìkírátù ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mísítà Wílìsì ní, "Ta ló sọ pé mo fẹ́ lé e? Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló sùn síbẹ̀. Mo ní kó wá láti gé koríko tí a máa fi dí ara rẹ̀ ni."

Alhaji wo ọ̀gá, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó ti bẹ ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, ó sì ti fi ọmọ rẹ̀ kún un. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá bó ṣe máa kó ọ̀rọ̀ náà padà. Ó wá mí kanlẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀."

Sìkírátù fi ìgúnpá gún mi nínú, ó ní, "Ẹ dúpẹ́ nísinsìnyí!"

Mi ò mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ kọjú sí. Ọ̀kan kò lé mi, ọ̀kan fún mi níyàwó, àwọn méjèèjì sì ń wò mí. Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún. Mo fi Yorùbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísítà Wílìsì, mo sì fi òyìnbó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji.